Ọjọ́ Tí Omi Wọ́n ní Maiwand

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1880, àwọn ọmọ ogun bíi 2,500 tó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì tú àgọ́ wọn ká ní Khushk-i-Nakhud, ní gúúsù Afghanístàn. Kí wọ́n tó padà dé Kandahar ní ọjọ́ kejì, 969 nínú wọn ti kú. Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé ọ̀tá ló pọ̀ jù wọ́n lọ. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ tọ ipasẹ̀ ọjọ́ náà láti wákàtí dé wákàtí á rí i pé òǹgbẹ ti ń bá àwọn èèyàn yìí jà kí ọ̀tá tó fọwọ́ kàn wọ́n, àti pé ọ̀gá wọn fi omi sílẹ̀ sẹ́yìn kó tó lọ tò wọ́n sójú ogun.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Láti ọdún 1878 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Íńdíà ti ń bá Afghanístàn jagun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ló ń bà wọ́n: wọn ò fẹ́ kí Rọ́ṣíà ráyè ní Kabul, kó wá máa ti ibẹ̀ yọjú wo Íńdíà. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 1880, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè, Abdur Rahman, wọ́n sì ti kéde orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ 22. Ilé ló kù tí wọ́n ń wò. Ayub Khan, ọmọ Sher Ali tó jọba tẹ́lẹ̀, tó ń ṣàkóso Herat ní apá ìwọ̀ oòrùn, kò gbà. Ó kó ogun jáde, ó ń bọ̀.

Wọ́n rán Bìrìgédíà George Burrows jáde láti Kandahar lọ sí etí odò Helmand, kó lọ gbe Wálì Kandahar, alákòóso ìlú náà, lẹ́sẹ̀, torí ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Wálì. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Wálì dìtẹ̀ mọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n kọrí sọ́dọ̀ Ayub. Burrows lé wọn bá, ó gba àgbá mẹ́fà lọ́wọ́ wọn. Àgbá àtijọ́ ni, ọta tó bá wọn wá kò sì pọ̀. Inú òyìnbó dùn sí ìkógun yìí. A ó tún gbọ́ nípa àgbá mẹ́fà náà kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 26, ìròyìn dé pé àwọn ẹlẹ́ṣin Ayub ti yọ sí apá Maiwand. Bí Ayub bá gba ibẹ̀, ọ̀nà là fún un láti yà fún Kandahar, kó gba Ghazni lọ sí Kabul. Wáyà sì ti wá láti Íńdíà pé kí Burrows kọlù ú bó bá mọ̀ pé agbára òun ká a, kó má sì jẹ́ kó kọjá sí Ghazni. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni àṣẹ jáde: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó di Maiwand.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀

Ó yẹ kí wọ́n ti gbéra ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹrù ló dá wọn dúró. Àwọn abúlé tó yí wọn ká kò ṣeé fọkàn tán, wọn ò sì lè fi ohunkóhun sílẹ̀ sẹ́yìn. Àgọ́, oúnjẹ, ọta, oògùn àti àpò omi, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gun ẹ̀yìn ràkúnmí, ìbaaka, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti akọ màlúù. Àwọn ẹran tó ń ru ẹrù yìí ju àwọn jagunjagun gan-an lọ. Níbi tí wọ́n ti ń di èyí, tí wọ́n ń tún ìyẹn dì nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kò rí nǹkan fi panu. Oòrùn ti yọ dáadáa kí wọ́n tó rìn.

Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òyìnbó. Rẹ́jímẹ́ńtì 66, àwọn ará Berkshire, pẹ̀lú àwọn afàgbájà Royal Horse Artillery tó ní àgbá mẹ́fà tó dára, ni òyìnbó tó wà níbẹ̀. Ọmọ Íńdíà ni àwọn tó kù: Bombay Grenadiers, Jacob's Rifles, ẹlẹ́ṣin láti Bombay àti Sind, àti àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Jacob's Rifles jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìbọn tuntun, Martini-Henry, ló wà lọ́wọ́ òyìnbó. Snider, tó dàgbà jù ú lọ, ni wọ́n fún àwọn ọmọ Íńdíà, torí láti ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà ti ṣọ̀tẹ̀ ní 1857 ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i dájú pé ìbọn tó dára jù kì í dọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ka ìtàn ogun Kírìjì, tó ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ wa lásìkò yìí kan náà, á ti gbọ́ orúkọ Snider: ó wà lára ìbọn tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó.

Láti Khushk-i-Nakhud dé Maiwand tó máìlì méjìlá. Ilẹ̀ gbẹrẹfẹ ni, iyanrìn àti òkúta, tí àwọn ipa odò gbígbẹ là kọjá. Ooru oṣù Keje níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rìn nínú rẹ̀ tó bá ní ibòmíràn tó lè wà.

Aago mẹ́jọ

Wọ́n dúró ní Mushak kí ẹrù lè bá wọn. Wọ́n tún rìn.

Aago mẹ́wàá

Ní abúlé Karezak ni amí kan ti bá wọn. Ìròyìn rẹ̀ kò fa ọ̀rọ̀ gùn: gbogbo ogun Ayub ló ń bọ̀ wá sí Maiwand, kì í ṣe àwọn ẹlẹ́ṣin aṣáájú nìkan. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí Burrows rò ni pé òun máa dé Maiwand ṣáájú, òun á sì lé ẹlẹ́ṣin mélòó kan dànù. Àwọn baba wa ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wọ́n ti wí i tẹ́lẹ̀ báyìí, ó sì ku wákàtí kan gbáko. Ó ṣeé ṣe láti padà sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe láti dúró. Burrows ní ká máa lọ.

Kò rí ohun tó ń lọ bá. Eruku àti ooru ti bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, ọ̀nà jíjìn ń dán yìn-ìn bí ẹni pé omi ló dúró síbẹ̀. Nínú eruku yẹn, lápá òsì wọn, ogun Ayub ń kọjá lọ ní tìrẹ̀, ó gùn lọ rẹrẹ. Àwọn ọmọ ogun tó wọṣọ ológun wà níbẹ̀, láti Herat àti Kabul. Àwọn ẹlẹ́ṣin wà. Ọgbọ̀n àgbá wà, mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ Armstrong tó lágbára ju ohunkóhun tí Burrows ní. Àwọn ghazi, tí wọ́n ti fi ẹ̀mí wọn jìn fún ẹ̀sìn, wà pẹ̀lú wọn nínú aṣọ funfun, wọ́n sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n ti ń gba abúlé kọ̀ọ̀kan kọjá. Wọ́n fojú bu gbogbo wọn sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mọ́kànlá kù díẹ̀

Wọ́n dé Mahmudabad. Abúlé kékeré ni, ó ní ògiri amọ̀, ó ní ọgbà, ó sì ní omi. Ipa odò gbígbẹ kan tó jìn wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀tá pọ̀ jù ú lọ, tí ọ̀fun àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbẹ, kí ló tún ń wá? Mo ti ka ẹ̀rí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi gbèjà Burrows àti èyí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi, mi ò sì tíì rí èyí tó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan, Lẹ́fútẹ́náǹtì Hector Maclaine, sáré kọjá ipa odò náà pẹ̀lú àgbá méjì, ó jìnnà síwájú, ó sì yìnbọn lu àwọn Áfúgáànì tó ń kọjá. Kò gbàṣẹ kó tó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè é padà, kò tètè dáhùn. Bó ṣe di pé kí àwọn tó kù lọ dáàbò bo Maclaine nìyẹn. Gbogbo wọn sọdá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ẹrù, oníṣègùn àti omi sílẹ̀ ní Mahmudabad.

Ọ̀sán gangan

Láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, àgbá Ayub bẹ̀rẹ̀ sí fèsì. Ìlà tí Burrows tò rí báyìí: Rẹ́jímẹ́ńtì 66 lápá ọ̀tún, àgbá láàárín, Grenadiers lápá òsì, ẹgbẹ́ méjì láti inú Jacob's Rifles ní ìpẹ̀kun òsì pátápátá, ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn. Ilẹ̀ tẹ̀ bọ̀ǹgbọ̀ díẹ̀ níbi tí àwọn 66 dùbúlẹ̀ sí, ọta àgbá sì ń gba orí ọ̀pọ̀ wọn kọjá. Àwọn ọmọ Íńdíà kò ní irú ibẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni wọ́n wà. Nígbà kan Burrows ní kí Grenadiers máa tẹ̀ síwájú. Ó tún yí àṣẹ padà, ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n ń gba ọta.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa aago. Inú ìròyìn àti ẹ̀rí àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ni wákàtí tí mò ń kà fún yín yìí ti wá, aago tó wà lápò ọ̀gágun kan kì í sì í bá ti èkejì mu. Ẹnìkan á ní aago méjì, ẹlòmíràn á ní méjì ààbọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Áfúgáànì, ẹnu ni wọ́n fi pa ìtàn ọjọ́ náà mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń wo aago.

Ipa odò mìíràn wà, èyí tí kò sí lọ́kàn Burrows nígbà tó ń to ìlà rẹ̀. Ó yọ láti ara ti àkọ́kọ́, ó sì gba iwájú apá ọ̀tún lọ, kò jìnnà sí àwọn 66. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ lè rìn dé tòsí àwọn Gẹ̀ẹ́sì láìsí ojú tó rí i. Àwọn ghazi wọ inú rẹ̀.

Aago kan sí aago méjì

Òǹgbẹ ni ìtàn wákàtí yìí. Ẹ̀yìn, ní Mahmudabad, ni àwọn apọnmi ti ń bu omi. Láti ibẹ̀ dé ìlà jìnnà, ọta sì ń bọ́ lu gbogbo ọ̀nà náà. Àwọn ará abúlé àti ẹlẹ́ṣin tí kò wọṣọ ológun ti yí ẹ̀yìn wọn po, wọ́n ń yìnbọn lu ibi tí ẹrù wà. Àwọn ọmọ ogun tó dùbúlẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti rìn láti àárọ̀, òmíràn kò tíì jẹun, ìbọn tí wọ́n dìmú gbóná débi pé ó ń jó wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbé ẹni tó gbọgbẹ́ lọ sẹ́yìn kò padà wá mọ́. Níbi tí omi wà ni wọ́n dúró sí. Ta ló máa bá wọn wí?

Ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, àgbá mẹ́fà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Wálì pariwo ìkẹyìn. Ọta tán. Kápútéènì Slade, tó ń ṣọ́ wọn, ti ní láti gba ipò ọ̀gá rẹ̀, Blackwood, tí ọta ṣe léṣe gidigidi. Wọ́n fa àwọn àgbá náà sẹ́yìn lọ wá ọta. Ẹni tó pàṣẹ mọ ìdí. Ọmọ ogun tó dùbúlẹ̀ nínú eruku kò mọ̀. Ohun tójú rẹ̀ rí ni ẹṣin tó ń fa àgbá padà sílé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀.

Aago méjì ààbọ̀

Àgbá Ayub dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣọ funfun dìde nínú ipa odò, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpẹ̀kun òsì ló kọ́kọ́ já. Àgbá ti pa Lẹ́fútẹ́náǹtì Cole, ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́ Jacob's Rifles tó wà níbẹ̀. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn lu Grenadiers. Àwọn Grenadiers, tí wọ́n ti ń jà láti ọ̀sán, kò ráyè yíjú sí ọ̀tá. Àwọn èèyàn tiwọn fún wọn pa pọ̀ débi pé apá wọn ò gbé ìbọn sókè mọ́. Àwọn afàgbájà dúró títí ọ̀tá fi kù díẹ̀ kó fọwọ́ kan ẹnu àgbá. Wọ́n fa mẹ́rin jáde. Méjì tí Maclaine ń ṣọ́ dọ́wọ́ Áfúgáànì. Níbẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì Patrick Mullane ti sá padà lọ gbé awakọ̀ kan tó fara gbọgbẹ́. Wọ́n fún un ní Victoria Cross lẹ́yìn náà.

Burrows ní kí ẹlẹ́ṣin kọlu ọ̀tá. Díẹ̀ lọ. Wọ́n sá wọ àárín wọn, wọ́n yọ padà, wọn ò sì gbà kí wọ́n tún tò wọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ, o yà.

Ìgbà yìí ni ìtàn àwọn Áfúgáànì gbé Malalai wọlé. Wọ́n ní ọmọ olùṣọ́-àgùntàn ni, láti abúlé Khig tó wà nítòsí, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ni ọjọ́ náà. Òun pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn ló ń gbé omi lọ fún àwọn jagunjagun wọn, tí wọ́n ń tọ́jú ẹni tó gbọgbẹ́. Nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin ti ń yẹ̀, ó ṣí ìborí rẹ̀, ó fi ṣe àsíá, ó kọrin láti fi ta wọ́n jí, ọta sì pa á. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kankan nígbà náà. Kò yà mí lẹ́nu: mélòó ni ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ orúkọ obìnrin tó ń gbé omi sílẹ̀? Òun ni wọ́n fi sọ Malala Yousafzai lórúkọ. Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé, yàtọ̀ sí àsíá tí gbogbo èèyàn rántí, ó rántí ẹni tó bu omi wá.

Aago mẹ́ta

Àwọn tó wà lápá òsì ń sá gba Mahmudabad. Àwọn 66 àti ọ̀pọ̀ Grenadiers kò rí ọ̀nà ibẹ̀ gbà, apá Khig ni wọ́n tì wọ́n lọ. Etí ipa odò ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Galbraith ti kúnlẹ̀ ti àsíá rẹ́jímẹ́ńtì, ibẹ̀ ló kú sí. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wọ inú ọgbà kan ní Khig, wọ́n dojú kọ gbogbo ogun Ayub. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, àwọn ọ̀gágun méjì àti ọmọ ogun mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù. Wọ́n jáde sí gbangba, wọ́n fẹ̀yìn tira wọn, wọ́n sì ń yìnbọn títí tí ẹni tó kẹ́yìn fi ṣubú. Ẹnu ọ̀tá la ti gbọ́ èyí: kọ́nẹ́ẹ̀lì kan nínú àwọn afàgbájà Ayub ló ròyìn rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ wọn títí wọ́n fi kú tán. Ajá kékeré kan tó ń jẹ́ Bobbie wà lọ́dọ̀ wọn. Ó gbọgbẹ́, ó yè é, ó bá àwọn tó kù lọ. Ní 1881 Ọbabìnrin Victoria fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló wá pa á ní ìlú Gosport.

Rẹ́jímẹ́ńtì 66 pàdánù nǹkan bí 286 èèyàn lọ́jọ́ náà. Lára ọmọ ogun Grenadiers, ó lé ní ìdajì tó kú tàbí tó gbọgbẹ́. Àwọn Áfúgáànì náà sin òkú púpọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ àti òru

Ayub kò lé wọn jìnnà. Ẹrù tó wà ní Mahmudabad ló gbà wọ́n là, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ́gun dúró kó o. Ẹrù tó fi wọ́n pẹ́ láàárọ̀ ló wá dá ọ̀tá dúró nírọ̀lẹ́.

Kandahar jìnnà tó máìlì márùndínláàádọ́ta. Ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀ tó sún mọ́ odò Arghandab, ó ní omi. Ọ̀nà òkè ni èrò náà gbà, níbi tí wọn ò ti ní rí omi títí dé Hauz-i-Madad, máìlì mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹni tó lè yí wọn padà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń tẹ̀lé ẹni tó wà níwájú, ẹni tó wà níwájú kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn jókòó sétí ọ̀nà, kò dìde mọ́. Slade àti àwọn àgbá mẹ́rin rẹ̀ ló wà lẹ́yìn pátápátá, wọ́n kó àwọn tó gbọgbẹ́ gun orí àgbá. Maclaine yà kúrò lọ wá omi fún àwọn tó gbọgbẹ́. Ọ̀tá mú un.

Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru ni àwọn ẹlẹ́ṣin àkọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn Kandahar pẹ̀lú ìròyìn pé gbogbo wọn ti kú. Ní ìdájí, wọ́n rán Ọ̀gágun Brooke jáde lọ pàdé wọn ní Kokaran, torí àwọn ará abúlé ń yìnbọn lù wọ́n títí dé ẹnu odi ìlú. Ọ̀sán ọjọ́ 28 ni ẹni ìkẹyìn wọlé.

Ọ̀gágun Roberts ló kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn rìn láti Kabul, ó dé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ó sì ṣẹ́gun Ayub ní ọjọ́ kejì. Wọ́n rí àgbá méjèèjì gbà padà. Wọ́n bá òkú Maclaine ní ẹ̀gbẹ́ àgọ́ Ayub, wọ́n ti dú u lọ́rùn. Ní 1881, wọ́n gbé ọ̀gá ẹlẹ́ṣin méjì, Malcolmson àti Currie, lọ sílé ẹjọ́ ológun ní Bombay nítorí bí wọ́n ṣe hùwà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dá àwọn méjèèjì láre. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà, Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo ogun rẹ̀ kúrò ní Kandahar. Ní oṣù Keje, Ayub Khan wọ ìlú náà. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Abdur Rahman lé e jáde.